Àárọ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Ṣe Ojú Velika

Kí aago méje tó lù, Velika Kotseva ti rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà lọ-bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ó ń fi ọwọ́ kan tọ ògiri, nítorí ojú ọ̀tún rẹ̀ ti di bàìbàì, ti òsì kò sì rí ju ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní ìlú Varna ló fi ẹkún bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà, lẹ́yìn tí ó bá ìyá rẹ̀ nídìí tíì tí ó da iyọ̀ sí. Ọdún kẹrin rèé tí Velika ti ń sọ pé ó di ìgbà ìwọ́wé. Bí ìgbà ìwọ́wé bá sì dé, á ní ó di ìgbà ìrúwé.

Ó padà sí yàrá. Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà níbẹ̀. Dókítà Rangelov ti fẹ́ fún un ní yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Tsonka ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, obìnrin kan tó ń gbin òdòdó rósì ní abúlé ẹ̀bá òkè, ó ń jẹ búrẹ́dì tó fi ata sísun kùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni Rangelov ṣe ojú ọ̀tún rẹ̀; ọ̀la ni wọ́n máa ṣe òsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni Tsonka wí. "Ẹ ti fẹ́ rin ilẹ̀ ilé wọn lu. Kí ló ń lé yín?"

"Kò sí."

"Ẹ̀rù ni. Ó ba èmi náà. Mo rò pé wọ́n á fi abẹ họ ojú mi bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ n là yín lọ́yẹ." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Dígí kékeré kan ń bẹ nínú ojú, lẹ́yìn dúdú ojú. Bí omi ẹyin tútù ló rí, ó mọ́ gaara. Ọjọ́ orí ló wá sè é, ló bá funfun. Wọ́n á dá ihò bíńtín sí ojú yín, ẹ̀rọ á fọ́ funfun yẹn wẹ́wẹ́, á fà á síta, wọ́n á wá ki dígí tuntun bọ ibẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbàdúrà tán, ó ti parí. Ṣó yé yín?"

"Ó yé mi," ni Velika wí. "O ṣeun."

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì wọlé láti kán oògùn sí i lójú. Oṣù tó kọjá ni nọ́ọ̀sì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú Plovdiv.

"Ta ló fọ àwọn irinṣẹ́ lónìí?" ni Velika bi í.

"Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Èmi ni. Mo sì fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ gbójú sókè."

Tsonka bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kúkú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn! Iṣẹ́ wo tilẹ̀ lẹ ṣe kẹ́ ẹ tó fẹ̀yìn tì?"

"Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú."

"Mo mọ̀! Ìka yín ló sọ ọ́. Télọ̀ kì í fi ojú ṣeré."

"Ọjọ́ tí mi ò rí òwú mọ́ ni mo fi í sílẹ̀," ni Velika wí. "Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo lọ sílé."

Rangelov yọjú. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òógùn sì ti bò ó níwájú orí. Ó kí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Velika.

"Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é, mo lè pe àwọn dókítà olú-ìlú ní Sofia báyìí."

"Ìwọ ni kó o ṣe é."

"Mi ò sùn."

"Lọ jẹun, kó o tó wọlé."

Bí ó ti jáde ni Tsonka rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ló ń ṣe ìyẹn? Nígbà tèmi, ó ń súfèé ni!"

Velika kò rẹ́rìn-ín. "Mo mọ ọkùnrin kan," ó ní. "Olóyin ni. Ó wọ ilé ìwòsàn yìí tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí òjìji ènìyàn. Wọ́n ṣe é, ó dára. Ní ọjọ́ kẹta, ojú náà kẹ̀. Kò fi ríran mọ́."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Alápatà wo ló ṣe é?"

Velika ti wà nídìí fèrèsé. "Lọ́dọọdún, títí ó fi kú, ó ń gbé ìgò oyin lọ fún dókítà náà. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi dókítà."

Ní aago mẹ́sàn-án wọ́n gbé e wọlé. Oògùn ti pa ojú rẹ̀ kú, kò mọ ìrora, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ ń kùn. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ń léfòó lókè rẹ̀ bí ohun tó wà nísàlẹ̀ omi. Lójijì ni ìró ẹ̀rọ yí padà, ó sì dákẹ́. Velika di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

"Má kánjú," ó ní lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó lójú.

"Mọ́mì, ẹ má sọ̀rọ̀, ojú yín á mì," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ó ka oókan dé ogún nínú ọkàn rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Rangelov fúnra rẹ̀ ló tú ohun tí wọ́n fi bo ojú náà. Velika ṣẹ́jú. Ògiri tó ti rò pé ó pọ́n bí ewé gbígbẹ, funfun ni. Ojú ọ̀run tó wà ní fèrèsé búlúù débi pé ó gbé ọwọ́ dí i.

"Èmi ńkọ́, ṣé ẹ rí mi?" ni Tsonka kígbe.

"Mo rí ọ. Ohùn rẹ ti jẹ́ kí n rò pé o ga."

Ó wá yíjú sí dókítà, ó wò ó pẹ́. "O ti hu ewú," ó ní.

Rangelov jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó ká ọwọ́ lé itan, ó sì bi obìnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ojú àwọn ará ìlú yìí nínú yàrá iṣẹ́ abẹ kan náà, pé, "Ọ̀gá mi, ṣé mo yege?"