Ìkòkò Abẹ́ Kóòtù

Ìyàwó ilé kan ki ẹsẹ̀ bọ ẹnu ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ Jámánì kí Ottmar tó ni ín tó ráyè tì í. Àwọn ilé oúnjẹ Jámánì méjì tí obìnrin náà kọ́kọ́ sáré dé ní òpópónà Lincoln ti kógbá sílé. Ọ̀kan ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ ta ẹran sauerbraten yín fún mi!" Ó yọ ìkòkò lábẹ́ kóòtù. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rà á, tí mò ń pè é ní àsè ọwọ́ mi. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí, ó ń gbé tiẹ̀ bọ̀ kí ọkọ mi fi wéra."

"Lọ sè é, ọmọ mi."

"Ẹran tó ń sùn nínú fínígà fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó sè é?"

"Abọ́ kan ló kù, oníbàárà mi àtijọ́ ló ni ín. Lónìí ni èmi náà ń kógbá sílé."

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi, ìtìjú á pa mí!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìkòkò òfìfo kan ń yọjú lábẹ́ kóòtù tiẹ̀ náà.

Àwọn méjèèjì wo ìkòkò ara wọn.

"Ottmar," ni ìyá náà wí, "pín in sí méjì. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọbẹ̀ tèmi pọ̀ jù."