Ìwádìí Lọ́gbà Àwọn Ará Japan

Mọ́pẹ́ kì í ṣe ẹni tí yóò gba ìyàwó ọmọ láìṣèwádìí. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí wọ́n lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé àwọn òbí Ìtẹ́olúwa, kò sì tíì fojú kan ọmọ náà rí. Bó ti gbọ́ pé Fúnṣọ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń mú un lọ sí ọgbà àwọn ará Japan ní Sátidé, ó gbé kámẹ́rà kékeré olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ́rùn, ó ṣáájú wọn débẹ̀, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn òparun.

Ó bá obìnrin kan tó wọ jígí dúdú níbẹ̀, tó ń fi kámẹ́rà kékeré tirẹ̀ ya ẹja inú adágún.

“Ẹ kú ìgbádùn o.”

“Ẹ ṣé, ma. Àwọn ẹja yìí fine gan-an.”

Kò pẹ́ tí Fúnṣọ́ àti Ìtẹ́olúwa fi yọ lórí afárá. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan. Ìtẹ́olúwa sáré mú ọ̀pá náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mọ́pẹ́ yà á. Kámẹ́rà obìnrin náà dún pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ẹja kan kò sí lórí afárá. Mọ́pẹ́ wá àléébù títí, kò rí. Ó dùn ún díẹ̀.

“Ṣé ẹ lọ́mọ ní Houston níbí?” obìnrin náà bi í.

“Ọ̀kan ni, Fúnṣọ́. Spring, ìtòsí ibí, ló ń gbé. Ó máa tó gbéyàwó.”

“Congratulations! Ẹ̀yin náà á wá sinmi.”

“Sinmi kẹ̀? Bí wọ́n bá ti honeymoon dé báyìí, màá kó tọ̀ wọ́n ni. Kọ́kọ́rọ́ ilé, ọbẹ̀ tí wọ́n máa sè, orúkọ ọmọ, èmi ni màá máa supervise gbogbo ẹ̀.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ bọ́ síwájú díẹ̀, ma, kí n yà yín.”

Mọ́pẹ́ tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

Ní ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ó ń ká aṣọ tí yóò wọ̀ lọ mọ ìdílé ìyàwó nígbà tí Fúnṣọ́ wọlé, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

“Mummy, àwọn òbí Ìtẹ́olúwa ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n ní àwọn ti ṣèwádìí.”

“Ìwádìí wo?” Mọ́pẹ́ fò dìde. “Ta ló lọ bà wá jẹ́ lọ́dọ̀ wọn? Ẹnu ẹ̀ á kó bá a!”

Fúnṣọ́ na fóònù sí i, àwòrán tí ìyá Ìtẹ́olúwa fi ránṣẹ́ sì wà lójú rẹ̀: Mọ́pẹ́ níwájú òparun, kámẹ́rà lọ́rùn, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.