Ibi Tí Wọn Yóò Ti Tú Àṣírí

"Ìdajì fíìmù la ó ti sọ ẹni tó pa á," olùdarí fíìmù wí, ó ń rẹ búrẹ́dì bọ kọfí.

Apète-ìtàn ta gìrì. Ọdún méjìlá ló ti ń pète àdììtú ní Paris, tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Gaétan ní Nantes kó kọ ọ́ di ìwé. Ojú ewé tó kẹ́yìn ni àṣírí máa ń tú.

"Ọ̀gá, kí làwọn òǹwòran á tún máa dúró dè?"

"Ẹ̀rù ni. Wọ́n á ti mọ apààyàn. Obìnrin tó fẹ́ fi í ṣọkọ ò ní mọ̀."

"Ta ló kọ́ yín nírú ìrànù yìí?"

Olùdarí wo Gaétan, tó ti Nantes wá jókòó tì wọ́n, tó ń po ṣúgà nínú kọfí tirẹ̀.

"Èmi ni, ọ̀rẹ́ mi," Gaétan dá apète-ìtàn lóhùn. "Láti ọdún méjìlá, òpin ìtàn rẹ ò dẹ́rù bà mí rí."