Ìdánwò Orí Bẹ́ẹ̀dì

Mama Àgbà ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di olórí nọ́ọ̀sì nílùú náà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn dókítà a máa rán an lọ bu omi. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, àwọn ni wọ́n ń dìde fún un. Òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ẹ̀kọ́ kan ló sì fi ṣe òpó rẹ̀: aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀ ló ń fi nọ́ọ̀sì gidi hàn. Nítorí náà, bí ìdánwò àṣekágbá bá dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń dùbúlẹ̀ bí aláìsàn tí akẹ́kọ̀ọ́ máa wẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Á kérora, á yí ojú, á mí hẹlẹ, kò sì ní fọhùn. Eré náà mọ́ ọn lára.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹ-gbà-mí. Ìdánwò tó kọjá ló ti gba orúkọ náà. Bí Mama ṣe kérora lọ́jọ́ yẹn, ọmọ náà ju aṣọ ìnura sílẹ̀, ó figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ẹ pe dókítà!" Dókítà sáré dé, ó bá Mama ní ìjókòó. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Olùkọ́ fún un ní òdo. Mama nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni òfin gbà kéèyàn tún un ṣe. Bó bá tún fìdí rẹmi, ilé ló kù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ pé kó má padà wálé láìní fìlà funfun àwọn nọ́ọ̀sì lórí.

Láàárọ̀ ìdánwò, Olùkọ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ohunkóhun tí Mama bá ṣe, iṣẹ́ ẹ ni kó o máa ṣe lọ. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Tó o bá tún pariwo pẹ́nrẹ́n, kí n má rí ẹ mọ́."

Mama gun bẹ́ẹ̀dì, ó sinmi díẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì sókè. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. "Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀," ló wí, ó sì di aláìsàn.

Ẹ-gbà-mí kí i, ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ojú ló kọ́kọ́ nù. Òógùn bo iwájú orí Mama. Ó nù ún kúrò. Mama kérora. Ẹnì kan lẹ́yìn sín in jẹ pé, "Ẹ gbà mí o," àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò yíjú. Nígbà tó dé ọwọ́, Mama di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fún un pinpin. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún: ìyá ń kì òun láyà. Ó rọra tú àwọn ìka náà, ó sì fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ náà rọrùn. Mama kò kérora mọ́. Ó wúwo díẹ̀ láti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó fọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ rẹ̀, ó nà án títí kò fi kájọ níbì kankan.

"Mo ti ṣe tán, Mama. Ẹ ṣeun, mà."

Olùkọ́ ní òun kò tíì rí irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti di nọ́ọ̀sì lójú yín. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí Olùkọ́ fọwọ́ kan èjìká Mama pé kó dìde, tó sì rí i pé òkú ni ọmọ náà wẹ̀ tán.