Púlọ́ọ̀gì Abẹ́ Àwọ̀n

Ìyá ń tú abẹ́ àwọ̀n nínú ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ ló fi púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnì pamọ́ sí, tó wá sọ pé ẹ́ńjìnì ti bàjẹ́, kí ọmọ rẹ̀ tí ìrònú lé wálé láti yunifásítì lè dìde lórí ẹní, kó máa fi àjẹ̀ wa òun lọ sí Zion Pepe. Ojoojúmọ́ lọmọ ń kùn. Àánú rẹ̀ wá ṣe ìyá, ó fẹ́ dá púlọ́ọ̀gì padà, àmọ́ kò rí i mọ́.

"Ṣé èyí lẹ ń wá?" Akẹ́kọ̀ọ́ náà yọ ọ́ lápò. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i."

"Alágídí! Mú un wá."

"N ò ní mú un wá. Látìgbà tí mo ti ń wa ọkọ̀ ni mo ti ń rí oorun sùn." Ó na àjẹ̀ kejì sí ìyá. "Ẹ̀yin ni ò sùn látìgbà tí Bàbá ti kú. Ẹ gbà, Màmá. Ẹ wa tiyín."