Mọ́tò Tí Kì Í Pariwo

Alájì Oníbàtà pa mọ́tò lẹ́nu géètì rẹ̀ ní àdúgbò Koumassi Remblais, ó ń retí kí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó yọjú. Láti ìdí ilé oògùn tó wà ní ìkóríta ni wọ́n ti máa ń gbọ́ tí mọ́tò rẹ̀ àtijọ́ bá ń wúkọ́ bọ̀. Tuntun tí oníṣòwò kan ní Biétry ní kó gbé lọ dán wò yìí, bí ológbò ló ń rìn.

Ó gba ẹnu ọ̀nà kékeré wọlé. Ẹ̀rín ló pàdé lójú fèrèsé. Mùtmàínà ìyàwó rẹ̀ ti dé fìlà ọkọ rẹ̀, ó ti ikùn síwájú, ó ń sín in jẹ, ó ń yan káàkiri pálọ̀.

“Ká tún mọ́tò yìí ṣe ni, àbí ká pààrọ̀ ẹ̀? Fadila, bu omi wá kí n fi ronú.”

Àwọn ọmọ ń yí nílẹ̀. Àbíkẹ́yìn ń ké “encore”, kí ìyá wọn tún un ṣe.

Oníbàtà wo ikùn ara rẹ̀. Kò gbọ́ irú ẹ̀rín yìí nínú ilé rẹ̀ rí. Ó rọra jáde, ó wa mọ́tò padà sí ìkóríta, ó pe Amidou mẹkáníìkì rẹ̀ lórí fóònù.

“Ti àtijọ́ náà ni mo máa lò. Tún ìjókòó rẹ̀ rán, kùn ún lọ́dà.”

“Páìpù èéfín ńkọ́, Alájì? Ariwo yẹn pọ̀ jù.”

“Má fọwọ́ kàn án.”

Ó wá ń fọn fèrè mọ́tò láti ibẹ̀ títí dé ilé. Mùtmàínà ṣí géètì, ó fajú ro bí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín rí.

“Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Fadila.”

Fìlà ṣì wà lórí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí i.