Àlejò Ọjọ́bọ̀

Ìwọ, ṣé wàá fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tara rẹ̀? Ìyá Fisáyọ̀mi ní òun ò ní í fún un.

Ẹdúnàbọ̀n ni wọ́n ń gbé, Ifẹ̀ sì ni Fisáyọ̀mi ti ń kàwé. Ó ní wàhálà ọkọ̀ àárọ̀ ti sú òun, òun fẹ́ dá gbé.

"Ìwọ tí wọ́n ń da omi lù kí o tó jí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Jẹ́ kó lọ," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ọmọ tó mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè báyìí, ebi ò lè pa á." Ó ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ìgbà tí dókítà ti ní kó yé jẹ iyọ̀ àti ẹran, kì í jẹun tán mọ́.

Ìyá gba yàrá fún ọmọ ní Òkèrèwè, nílé Màmá Roqeeb. Òun nìkan ló kó ẹrù rẹ̀ débẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ọkùnrin wọ yàrá yìí, ilé yá o."

"Mo ti gbọ́, mà."

Kò pẹ́ ni Màmá Roqeeb pè é lórí fóònù.

"Ìyá Fisáyọ̀mi, mi ò kì í ṣòfófó o. Ọkùnrin kan máa ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Á fa fìlà bojú. Bó bá wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Bó bá ń jáde, á máa rẹ́rìn-ín sínú."

"Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiẹ̀ ni?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ̀! Ó ti hewú."

"Yéè! Mo gbé!"

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, ọkọ rẹ̀ ti lọ sí ìpàdé ìdílé bó ṣe máa ń lọ. Kò sẹ́ni tó lè bá a lọ. Òun nìkan wọkọ̀ lọ sí Òkèrèwè.

Ó bá ọmọ nídìí iná. Ọbẹ̀ bọ̀kọ̀tọ̀ ń hó nínú ìkòkò.

"Ta ni ó?"

Fisáyọ̀mi kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ."

"O ò ní sọ? Ó dáa. Kó ẹrù ẹ."

Ọmọ náà wo yàrá rẹ̀ yíká. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá bọ́ bàtà, ó gbé e sókè, ó fa ilẹ̀kùn ṣí.

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ náà: "Kọ́lápọ̀!"